Ibo ni téèpù dúró sí? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa fíìmù tó dáa àti èyí tí kò dáa

BàbáKásẹ́ẹ̀tì · Ògbómọ̀ṣọ́ · Sátidé, aago 8:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi obìnrin gbé fóònù fún mi lọ́sàn-án òní pé kí n wo fíìmù kan, gbogbo ayé ló ń pariwo rẹ̀. Mo wò ó dé ìdajì, oorun gbé mi lọ. Ìgbà tí mo máa ta jí, ìjà tí wọ́n ń jà kí n tó sùn náà ni wọ́n ṣì ń jà.

Ó mú mi rántí iṣẹ́ mi àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń yá àwọn èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò lágbègbè Tákíè níbí, kí síídì tó dé tó gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Òfin kan ṣoṣo ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri: BÍ O BÁ WÒ Ó TÁN, YÍ I PADÀ SÍ ÌBẸ̀RẸ̀. Ẹnikẹ́ni ò ka òfin náà sí. Èmi ni mo máa ń jókòó yí wọn lálẹ́, tí màá máa ṣépè. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé oore ni wọ́n ń ṣe mí. Ṣé ẹ rántí fèrèsé kékeré tó wà lójú kásẹ́ẹ̀tì? Bí téèpù bá ti lọ tán sí apá kejì, oníbàárà wò ó parí. Bó bá dúró sáàárín, ó ti sú u. Ẹnu rẹ̀ lè máa wí pé "Ẹ̀gbọ́n, fíìmù yẹn dùn pa!" Ohun tí mo bá rí nínú fèrèsé ni mò ń gbà gbọ́.

Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, mi ò rántí ọjọ́ kan tó padà wálé tí téèpù rẹ̀ kò lọ tán. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ó Le Kú, ìjà ni wọ́n máa ń jà sí apá kejì rẹ̀ lórí káńtà mi. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ya ẹ̀jẹ̀ àti agbárí sí páálí wọn, tí èèyàn á tò sí láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé. Tó bá di Mọ́ńdè, wọ́n á gbé e padà, téèpù ò tíì rìn dé ìdá mẹ́rin.

Ìbéèrè mi rèé. Àwọn fíìmù ńlá tí wọ́n ń ṣe nípa ayé àtijọ́ wa báyìí, Aníkúlápó, Ẹlẹ́ṣin Ọba, Jagun Jagun, House of Ga'a, ká ní kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n, ibo ni téèpù yóò dúró sí? Tèmi: Aníkúlápó lọ tán. Ẹlẹ́ṣin Ọba lọ tán, àmọ́ mo dìde lọ mumi lẹ́ẹ̀mejì. Jagun Jagun dúró lọ́nà. Ẹ wá bá mi jà.

ỌmọUnderG · Ògbómọ̀ṣọ́ · Sátidé, 8:26 alẹ́

Bàbá, ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ forí jì mí o, ẹ rẹ́ Jagun Jagun jẹ.

Èèyàn mọ́kànlá la kún yàrá kan láti wò ó. Wọ́n mú iná lọ, a dá owó epo jọ fún jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí Agẹmọ jáde, ẹnì kan fò sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà. Gbọ́tìjà tó ń bá igi sọ̀rọ̀, Ògúndìjì tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, ta ló ń ṣe irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ohun tí àwọn òyìnbó fi ń gba owó lọ́wọ́ wa náà nìyẹn, ìwọ̀nyí fi èdè wa ṣe é.

Ṣaworoidẹ tí gbogbo àgbà ń fi halẹ̀ mọ́ wa, wọ́n fi hàn wá ní kíláàsì nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn, ohùn rẹ̀ ń já, kì í yára. Mo sùn. Mi ò purọ́.

TíṣàÀgùnpopo · Ọ̀yọ́ · Sátidé, 9:02 alẹ́

Ọmọ yìí, o sùn nígbà tí Ọ̀pálábà ń sọ̀rọ̀? Ó dáa. Olúwa a dárí jì ọ́.

Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Ọ̀pálábà yẹn, akéwì ni, òǹkọ̀wé ni. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ ìtàn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Yorùbá ni. Wọn ò ní owó tí wọn yóò fi sun ìlú níná nínú fíìmù, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní. Ọba Lápìtẹ́ ò fẹ́ búra, kò fẹ́ gba gbẹ́rẹ́, ó fẹ́ jẹ ọba ìlú Jógbo lọ́fẹ̀ẹ́: ìjókòó bíi mélòó kan nínú ààfin báyìí, gbogbo ìṣèlú orílẹ̀-èdè yìí ti wà níbẹ̀.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ House of Ga'a tó jáde ní 2024. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Baṣọ̀run Gáà kì í ṣe ìtàn lásán nílé wa, ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́: bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́. Ọba mẹ́rin ló rán sọ́run kí Aláàfin Abíọ́dún tó ká a mọ́ ní 1774. Ọ̀kan nínú wọn, Awónbíojú, àádóje ọjọ́ péré ló lò lórí ìtẹ́. Ohun tí àwọn òpìtàn sọ pé ó pa á ni pé Gáà ní kó dọ̀bálẹ̀ fún òun, ó kọ̀. Ẹ dúró kí ẹ rò ó wò. Aláàfin. Kó dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè rẹ̀. Ká ní mo lówó, wákàtí kan gbáko ni mo máa fi ṣe ojúmọ́ ọjọ́ yẹn nìkan: ta ló wà níbẹ̀, ta ló ń wolẹ̀, ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ jáde. Fíìmù náà ò ní sùúrù. Ọba kan gorí oyè, ọba kan kú, idà yọ, ẹṣin sáré. Fẹ́mi Branch ṣe Gáà débi pé ẹ̀rù bà mí, iṣẹ́ rẹ̀ pé. Àwọn tó yí i ká ni kò rí àyè sọ̀rọ̀.

Ọdún kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ìwé eré Baṣọ̀run Gáà tí Fálétí kọ ṣeré nílé ẹ̀kọ́. Aṣọ ìbora la ta ṣe kọ́tìnì. Adé ọba, páálí. Gáà ní àgbọ̀nrín lòun fẹ́ fi rúbọ, wọn ò rí àgbọ̀nrín, ó ní kí wọ́n mú Àgbọnyín ọmọ Abíọ́dún wá torí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́. Ọmọ tó ṣe Àgbọnyín ò ju ọdún mẹ́tàlá lọ. Nígbà tí wọ́n mú un lọ, ó kàn bojú wẹ̀yìn wo bàbá rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ lọ gbári. Títí di òní, mi ò tíì rí fíìmù olówó iyebíye kan tó ṣe mí bẹ́ẹ̀.

ÌyáOlófì · Ọ̀yọ́ · Sátidé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ṣé ẹ mọ bí èmi ṣe ń wo fíìmù? Ojú mi wà lórí òfì, etí mi ló ń wò ó. Bí mo bá gbójú sókè, fọ́nrán á já. Nítorí náà èyí tí mo bá lè gbọ́ yé láìwò ó ni mò ń pè ní fíìmù. Jagun Jagun dé etí mi báyìí: hùùù! Gbàà! Yéè! Hùùù! Mo bi ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní "Mọ̀mọ́, wọ́n ń jà." Mo ní mo mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Aṣọ! Ẹ ní ayé àtijọ́, ẹ wá wọ aṣọ òkè tó ní fọ́nrán dídán yinrinyinrin fún olorì. Fọ́nrán yẹn, àná-àná yìí ló dé. Sányán ńkọ́? Àlàárì ńkọ́? Ẹtù ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó wá bi wá ní Ọ̀yọ́ tàbí kó lọ sí Ìsẹ́yìn, a ò ní gbowó. Ní ti Aníkúlápó, inú mi dùn bí ọmọdé nígbà tí mo gbọ́ pé ahunṣọ ni Sarò. Mo ní wọ́n rántí wa lónìí. Àmọ́ ahunṣọ wo ló ń ríbi jókòó hunṣọ tó bá ti jẹ́ pé aya ọba ló ń lé kiri? Lójú mi, òfì ò tó nínú ẹ̀, obìnrin pọ̀ jù. Síbẹ̀ mo gbọ́ ọ tán, torí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn, pàápàá Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé. Tí ìyẹn bá sọ̀rọ̀, n kì í gbójú sókè, ohùn rẹ̀ nìkan ti tó mi.

Ó ku ọ̀kan. Ta ló kọ́ àwọn onífíìmù pé kí orin máa sọ ìtàn ká tó rí i? Ọkọ kò tíì mọ̀ pé ìyàwó ń yan àlè, olórin ti ń kọrin "ó ń yan àlè o, ọkọ ìyàwó ò mọ̀." Kí ni mo tún ń jókòó ṣe?

ỌmọUnderG · Ògbómọ̀ṣọ́ · Sátidé, 9:55 alẹ́

😂😂 Mọ̀mọ́, ọ̀rọ̀ orin yẹn, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ etí nìkan ni, rédíò la ń wí nìyẹn. Ojú ni wọ́n ń ṣe fíìmù fún. Bí wọ́n bá fi ẹnu sọ ogun, ẹ ní ó dáa, bí wọ́n bá fi ogun hàn yín, ẹ ní ariwo ni.

Ẹ ò sì tíì sọ nǹkan kan nípa fíìmù tí kò sí ọba nínú ẹ̀. Oṣù Kejìlá 2023, mo wọkọ̀ lọ Ìbàdàn torí A Tribe Called Judah. Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe ìyá tó bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ọmọ wá gbìmọ̀ olè jíjà torí owó ìwòsàn ìyá wọn. Gbọ̀ngàn kún, ẹ̀rín ò jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá ilé wa. Ṣé gbogbo àwọn tó sanwó yẹn ló ń purọ́?

BàbáKásẹ́ẹ̀tì · Ògbómọ̀ṣọ́ · Sátidé, 10:20 alẹ́

Wọn ò purọ́. Mo wo ìyẹn náà, ó lọ tán. Ìdajì àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ nínú ilé, dùn mọ́ mi ju ìgbà tí ìbọn dé lọ. Ìyá yẹn, mo mọ irú ẹ̀ ní àdúgbò mi.

Lórí ọ̀rọ̀ ojú, o gbá mi mú díẹ̀. Ojú ni Ògúǹdé fi pa wá nínú fíìmù Ayé. Àmọ́ ẹ̀rù tó ń bà wá nígbà náà, a mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Bí mi ò bá mọ ẹni tí idà fẹ́ bẹ́ lórí, kí ló kàn mí nínú idà?

ÀgbàÌsàlẹ̀ · Ògbómọ̀ṣọ́ · Àìkú, 6:15 àárọ̀

Ẹ jí ire. Ẹ dárúkọ Ògúǹdé, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Nígbà ayé wọn, wọ́n kì í fi fíìmù fún ẹlòmíràn gbé kiri. Wọ́n á fúnra wọn gbé rọ́ọ̀lù àti ẹ̀rọ wọn sínú mọ́tò, wọ́n á wọ̀lú, wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbọ̀ngàn tàbí ilé ẹ̀kọ́. A sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi, Ọlọ́run ó tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, lóyún lọ́jọ́ tí a lọ wo Ayé. Nígbà tí àwọn àjẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wọn, ó fi ìborùn bo ikùn rẹ̀. Kí àwọn àjẹ́ náà má baà rí oyún rẹ̀ ni o.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tún ni wá, ẹ ò sì dárúkọ Lérè Páímọ̀! Ẹni tó ṣeré nínú Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé kárí ayé. Òun náà ló ṣe Ògúnlọlá nínú Ogbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ìtàn bí ìlú yìí ṣe gba orúkọ. Àwọn tó ń náwó sórí ogun tí wọ́n fi orí ara wọn ro, ogun tòótọ́ wà nílẹ̀ níbí.

BàbáKásẹ́ẹ̀tì, mo ní ìbéèrè kan fún yín, ẹ má bínú. Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Ó yáwó ṣe é. Kó tó rí owó rẹ̀ kó jọ, wọ́n ti jí i dà sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì di àwátì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Gbèsè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, mélòó lẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é?

TíṣàÀgùnpopo · Ọ̀yọ́ · Àìkú, 7:40 àárọ̀

Àgbà ti gba ibi tó yẹ wọlé. Mo ń retí èsì.

Kí èsì tó dé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé Ẹlẹ́ṣin Ọba dùn tàbí kò dùn, ẹ rántí pé ìtàn Ọ̀yọ́ níbí ni. Aláàfin Síyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944, àwọn òyìnbó sì dá ẹlẹ́ṣin rẹ̀ tó yẹ kó bá a kú dúró. Ládiípọ̀ ti fi ṣe Ọba Wàjà kí Ṣóyínká tó kọ tirẹ̀ jáde ní 1975. Bíyì Bándélé tó darí fíìmù náà kú ní 2022 kí ayé tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dúnladé tó ṣe Ẹlẹ́ṣin, nínú ọjà yẹn, bí àwọn obìnrin ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ń gbà á: ìyẹn nìkan ti tó fún mi. Ibi tí òyìnbó bá ti dé ni mo máa ń wo aago.

BàbáKásẹ́ẹ̀tì · Ògbómọ̀ṣọ́ · Àìkú, 2:05 ọ̀sán

Mo ti ń ka ìbéèrè Bàbá láti àárọ̀. Mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo dé, ó ṣì wà níbẹ̀.

Kò tó ìdajì. Òótọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ojúlówó máa ń wà nínú páálí tí wọ́n tẹ àwòrán sí. Ẹ̀dà ni èyí tí a fi báírò kọ orúkọ sí lára. Mo ní ẹ̀rọ fídíò méjì tí mo fi okùn so pọ̀. Tí mo bá ra ojúlówó kan lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti bí mẹ́ta. Ẹ̀dà tún ń bí ẹ̀dà. Mo ń sọ fún ara mi nígbà náà pé ojúlówó kan ò lè tó gbogbo àdúgbò, pé èmi ni mò ń jẹ́ kí wọ́n gbajúmọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣèré wọ̀nyẹn wá ra kaadi fóònù ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi nígbà kan. Mo sá wọ inú ilé. Mi ò jẹ ẹ́ lówó tó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi mọ̀.

ỌmọUnderG, o ní Ṣaworoidẹ ṣókùnkùn, ohùn rẹ̀ ń já. Kèlání kọ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ kámẹ́rà ni, kò lè gbé òkùnkùn fún wa. Ọmọ-ọmọ ẹ̀dà ni wọ́n fi hàn yín, irú wa ló sì bí i. Nítorí náà tí o bá sùn, díẹ̀ nínú oorun yẹn, ọrùn mi ló wà.

ÌyáOlófì · Ọ̀yọ́ · Àìkú, 3:12 ọ̀sán

Hàà. Bàbá, ẹ kú ọkàn akin.

A ò ní fi yín ṣẹ̀sín o. Aṣọ òfì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán rẹ̀ wá láti òkè òkun ń tà lójú mi lójoojúmọ́, àwọn tó sì ń rà á fẹ́ràn mi, wọ́n ń kí mi.

ỌmọUnderG · Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́bọ̀, 11:48 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá ojúlówó Ṣaworoidẹ tó mọ́, mo sì wò ó lálẹ́ òní, mo ti ìlẹ̀kùn.

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé kò yára níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ mi ò mọ̀ pé ó ń pani lẹ́rìn-ín báyẹn! Kíláàsì ò rẹ́rìn-ín rárá nígbà náà, torí a ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí Lágatà, ológun tó fipá gba ìtẹ́, gbé adé lé orí tí ìlù ṣaworoidẹ wá dún, mo ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ mo dìde dúró. Kò sí iná tó jáde lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlù lásán ni.

Mo tún rí Kúnlé Afọ́láyan níbẹ̀, kékeré, ọmọ ọba tí ń jẹ́ Arẹ́sẹ̀jàbàtà. Ẹni tó padà wá ṣe Aníkúlápó! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Jagun Jagun ṣì dùn o. Ẹ ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

TíṣàÀgùnpopo · Ọ̀yọ́ · Fúráìdé, 6:30 àárọ̀

Máa jẹ ẹ́ lọ. O ti jí, ìyẹn ló kàn mí.

ÌyáOlófì · Ọ̀yọ́ · Fúráìdé, 9:17 àárọ̀

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá mi. Wọ́n ní Ó Le Kú làwọn fẹ́ wò, kì í ṣe lórí fóònù o, wọ́n ní fóònù kéré sí ojú àwọn. Bàbá, ṣé ẹ ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì kankan?

BàbáKásẹ́ẹ̀tì · Ògbómọ̀ṣọ́ · Fúráìdé, 10:03 àárọ̀

Ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojúlówó, páálí rẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀rọ tí a máa fi wò ó ni kò sí mọ́.

TíṣàÀgùnpopo · Ọ̀yọ́ · Fúráìdé, 10:11 àárọ̀

Ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ mi, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fún awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ọwọ́dẹ, màá lọ gbà á, màá gbé e lọ bá Mọ̀mọ́ nílé.

ÌyáOlófì · Ọ̀yọ́ · Fúráìdé, 10:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i padà o. Ẹ wo fèrèsé yẹn fún wa ná, ibo ni ẹni tó yá a kẹ́yìn bá a dé?

BàbáKásẹ́ẹ̀tì · Ògbómọ̀ṣọ́ · Fúráìdé, 10:31 àárọ̀

Mo ti fà á jáde. Ó lọ tán. Ẹ̀yin lẹ máa yí i.